Ohùn Ìyá Wa ní Agboolé Ọlọ́ṣẹ

“Ẹ má dúró, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró.”

Ẹ̀gbà ọwọ́ mi ló ń bá mi wí. Mo dúró díẹ̀ lórí òkè Mápó kí n lè wo ìlú tí wọ́n bí mi sí, ẹ̀gbà náà sì ti pọ́n kankan bí ojú ẹni tó ń wá ìjà. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń ti èjìká mi. Ọ̀nà ìbòòji tóóró ni, èèyàn sì pọ̀ lórí rẹ̀ bí eṣú, gbogbo wa ń làágùn, gbogbo wa ń rùn, kò sì sí ẹni tó láṣẹ láti dúró.

“Dádì, ẹ rìn,” ni Ìbídùn ọmọ mi wí. Ó di apá mi mú bí ẹni di ọmọ tó fẹ́ já sínú kànga. “Tí ẹ̀gbà yín bá tún pariwo, wọ́n á dá gbogbo wa padà sínú ọkọ̀.”

“Ta ni yóò dá mi padà? Ní Ìbàdàn?”

“Dádì!”

“Mo ní ta ni?”

Kọ́lápọ̀ ọkọ rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká máa lọ, sà. Ohun tó kù láti wò ṣì pọ̀.” Kọ́lápọ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Òkè òkun ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló dàgbà sí, ohunkóhun tó bá ti jẹ́ ti ilé sì máa ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu bí àádùn. Òun ló ra tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn náà. Láti àárọ̀ ló ti ń sọ pé ìyàlẹ́nu kan ń bẹ níwájú fún mi.

Níbi tí mo jókòó sí báyìí tí mo ń kọ èyí, yìnyín ti bo ojú fèrèsé, súwẹ́tà méjì ló sì wà lọ́rùn mi. Ó ti pẹ́ tí ọjọ́ yẹn ti kọjá. Gbogbo nǹkan ló ń tutù nílùú yìí, àfi ìbínú tí mo gbé bọ̀ láti Ìbàdàn.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹni tó bá dúró sórí òkè Mápó, páànù tó dípẹtà ni yóò rí, pupa rúsúrúsú láti Ọjà'ba títí dé ibi tí ojú kò ti ríran mọ́. Àwa ọmọ Ìbàdàn a máa fi páànù wa yangàn. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, n ò rí páànù kankan. Funfun ni gbogbo rẹ̀. Àwọn Onítura, ilé-iṣẹ́ tó ni aṣọ ìbòòji, ti ta aṣọ ìtura bo orí ilé, bo orí ọjà, bo orí títì, bí ìgbà tí wọ́n bá da aṣọ àlà bo òkú. Ibi tí aṣọ náà dé, èèyàn lè mí. Ibi tí kò dé, oòrùn á bó èèyàn láwọ.

Amọ̀nà wa, ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju àparò lọ, ń fò níwájú wa. “Ẹ̀yin àlejò wa ọ̀wọ́n,” ló ń wí, “ẹ yíjú sí apá ọ̀tún.” Yorùbá ẹnu rẹ̀ dán, ṣùgbọ́n kò ní ìlú. Kò sí Ìbàdàn níbẹ̀, kò sí Ìjẹ̀bú, kò sí Èkìtì. Bí omi tí wọ́n sè títí tí adùn rẹ̀ fi kúrò ló rí.

“Sọ fún un kó yé pè mí ní àlejò,” mo wí fún Ẹniafẹ́, ọmọ Ìbídùn, tó ti ń di ọ̀dọ́mọbìnrin, tó sì mọ bí a ṣe ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ju bí a ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ.

“Mo ti sọ fún un, Bàbá àgbà. Ó ní òun ò mọ orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.”

A sọ̀ kalẹ̀ dé Ògùnpa. Odò náà ti gbẹ pátápátá. Wọ́n wá tan iná aláwọ̀ omi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, iná náà ń rú bí ìgbì, àwọn àlejò sì ń ti ẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀, wọ́n ń kígbe bí ẹni pé ó tutù. Ẹniafẹ́ náà ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

“Bàbá àgbà, ṣé ẹ máa ń lúwẹ̀ẹ́ níbí tẹ́lẹ̀?”

“Odò tó gbé ilé lọ, tó gbé mọ́tò lọ, tó gbé tọkọtaya lọ lórí bẹ́ẹ̀dì, òun lo ní bóyá mo lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rín. Odò tí àwọn òbí wa ń bẹ̀rù ti di ohun tí àlejò ń fi ẹsẹ̀ ṣeré.

Bí a ṣe ń lọ sí Bẹẹrẹ ni ọ̀nà tún há sí i. Àwọn tí òkun lé kúrò ní Èkó ló tẹ́ ara wọn sí etí ọ̀nà ìbòòji lọ́tùn-ún lósì, ìdílé kan sí ẹ̀gbẹ́ ìdílé kejì, wọ́n ká ẹsẹ̀ kò kí ó má baà jáde sí oòrùn. Mo tẹ ìyá kan lẹ́sẹ̀.

“Àlejò, ẹ rọra o! Ẹsẹ̀ lẹ tẹ̀ yẹn, kì í ṣe ọ̀pá.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ìyá. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe àlejò. Ọmọ agboolé Ọlọ́ṣẹ ni mí, ní ìsàlẹ̀ ibí yìí.”

Ó wo ọwọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, eyín iwájú rẹ̀ kan ti ká. “Ẹ̀gbà yín ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbà onílùú dúdú ni. Àwa là ń sùn síbí, ẹ̀yin lẹ̀ ń kọjá. Ẹ bọ́ ọ fún mi, baba, kí èmi náà di àlejò, kí ẹ̀yin di onílùú. Ó yá, ẹ wá jókòó!” Ó sún ara rẹ̀ díẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀. Àwọn tó yí i ká bú sẹ́rìn-ín.

Ìbídùn fà mí lọ. Ǹ bá jókòó. Ẹ gbà mí gbọ́, bínú ṣe ń bí mi tó yẹn, ǹ bá jókòó ti ìyá náà.

Fèrè ìséde dún nígbà náà. Ìséde oòrùn ni: bí oòrùn bá ti kàn ní àtàrí, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ yọ orí kúrò lábẹ́ aṣọ títí yóò fi rọ̀. Nígbà tiwa, ìséde tí a mọ̀, nítorí orò ni, obìnrin ni kì í jáde. Ti ìsinsìnyí kò mọ ọkùnrin, kò mọ obìnrin. Gbogbo èèyàn rọ́ sí àárín ọ̀nà, amọ̀nà sì fò lọ síwájú. “Ibi ìwòran wa tó kàn,” ló wí, “ni agboolé àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú láyé àtijọ́.”

Mo yíjú sí Kọ́lápọ̀. Ojú rẹ̀ ń dán yanran.

“Ìyàlẹ́nu náà nìyẹn, sà! Ilé yín gan-an! Ó wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì!”

Mo mọ̀ pé Àṣàkẹ́ àbúrò mi ṣì ń gbé ibẹ̀. Èrò mi ni pé bí ilẹ̀ bá tutù, màá yọ́ lọ bá a, a ó jókòó, a ó jọ jẹ ẹ̀wà. Kò sọ fún mi rí pé wọ́n ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wọ ilé bàbá wa.

A wọlé. Ìtura náà bọ́ sí wa lára lójijì, gbogbo àwọn àlejò mí kanlẹ̀. Òórùn eérú àti àdín ń jáde láti inú ihò kéékèèké lára ògiri, bẹ́ẹ̀ kò sí iná, kò sí ìkòkò. Ní àárín àgbàlá, níbi tí àdógán tí ìyá wa olóògbé fi ń se ọṣẹ wà tẹ́lẹ̀, òpó dúdú kan ló nà ró. Láti inú òpó náà ni ó ti sọ̀rọ̀.

“Káàbọ̀ o, Àkànní ọmọ mi. Ṣé kò rẹ̀ ọ́ púpọ̀?”

Mo ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó mọ̀. Àyà mi kan sìmẹ́ńtì. Ìyá mi ni. Ohùn tó máa ń há díẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀ nítorí èéfín, òun náà nìyẹn. Àwọn àlejò ń gba orí ẹsẹ̀ mi kọjá. Ọkùnrin kan tó ga, tí irun rẹ̀ dà bí òwú àgbàdo, wọlé lẹ́yìn mi, ohùn náà sì tún wí fún un pé, “Káàbọ̀ o, Àkànní ọmọ mi.”

Ó wí i fún èyí tó tẹ̀ lé e. Ó wí i fún gbogbo ọkùnrin tó wọlé. Oríkì tí ìyá mi fi ń jí mi láàárọ̀ ni wọ́n ń há fún àlejò lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni há omi tútù.

Mo dìde. Ìbídùn rí ojú mi, ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́.” N ò gbọ́ tirẹ̀, nítorí ohùn náà ti ń mú wọn káàkiri ilé.

“Yàrá yìí ni ti Ládìípọ̀, àbúrò ọkọ mi. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ti Fóyèkẹ́, ọmọ ìyá ọkọ mi.”

“Irọ́!” mo pariwo. Gbogbo àlejò yíjú padà. “Irọ́ ńlá!”

“Kí ló dé, Bàbá àgbà?” Ẹ̀rù ti ń ba Ẹniafẹ́.

“Ìyá mi kò pe orúkọ yẹn rí láyé! Ìyàwó ilé ni. Ìyàwó kì í dárúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Agúnléjìká ló ń pe Ládìípọ̀. Eyínfúnjowó ló ń pe Fóyèkẹ́. Ọlọ́pàá kan wá síbí lọ́jọ́ kan, ó ń wá Ládìípọ̀ nítorí ọ̀kadà tí kò ní ìwé. Ó ní kí ìyá mi dárúkọ ẹni tó ni ọ̀kadà. Ìyá mi ní Agúnléjìká ni. Ọlọ́pàá ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ńkọ́? Ìyá mi ní wọn kò fẹ́ òun wọlé kí òun wá máa pe ọkọ òun lórúkọ. Àtìmọ́lé ni wọ́n mú un lọ, ó sì gbé àga kékeré tirẹ̀ dání lọ! Ọ̀gá ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín títí, ó dá a sílẹ̀. Obìnrin yẹn ni òpó yìí sọ di aláìlẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé ọkọ rẹ̀!”

“Ẹ rọra, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn.”

Láti ẹ̀yìn okùn tí wọ́n fi pààlà ni ohùn náà ti wá. Àṣàkẹ́ ni. Ó ti gbó, ó ti tín-ín-rín, wọ́n fún un ní aṣọ aláwọ̀ eérú tí gbogbo òṣìṣẹ́ Onítura ń wọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi. N ò fà á dìde.

“Àṣàkẹ́, ta ló fi ìyá wa ṣe báyìí?”

“Èmi ni.”

“Ìwọ?”

“Fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo ohùn tó ń fi ránṣẹ́ sí yín lókè òkun wà nínú rẹ̀. Mo kó o fún wọn.” Ó dìde fúnra rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń ró. “Ilé tí kò bá ní ohun ìwòran, wọn kì í ta aṣọ lé e. Kí lẹ fẹ́ kí n fi hàn wọ́n? Ìkòkò fífọ́?”

Amọ̀nà ti fò wá sí àárín wa. “Ẹ̀gbà fi hàn pé àkọ́bí olóhùn ni yín,” ló sọ fún mi, bí ẹni pé ó ń júwe ilé ìtọ̀ fún mi. “Òfin Ohùn fún yín lẹ́tọ̀ọ́. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òpó, kí ẹ wí pé, ‘Mo gba ohùn náà padà,’ yóò sì dákẹ́ títí láé. Ẹ̀tọ́ náà wà níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì wà nínú ilé. Bí ẹ bá ti jáde, ó tán.”

“Tó bá dákẹ́ ńkọ́?” Kọ́lápọ̀ ló béèrè. Ẹ̀rín ti tán lójú tirẹ̀.

“Aṣọ ìtura yóò lọ sí ilé mìíràn tó ní ohùn.”

“Èmi á sì lọ sí etí ọ̀nà,” ni Àṣàkẹ́ wí. “Ẹ ti rí wọn bẹ́ ẹ ṣe ń bọ̀. Arúgbó tó bá bọ́ síbẹ̀ kì í rí ọdún tuntun.”

“Wàá bá mi lọ.”

“Ìlú yín ò gba arúgbó wọlé mọ́. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sí mi. Tí wọ́n bá tiẹ̀ gbà mí, ta ni yóò máa sùn nínú yàrá tí ìyá wa wà lábẹ́ rẹ̀?”

Ìbínú mi wá ru gùdù. “Ó dáa! O fún wọn ní ohùn rẹ̀. Ṣé o ní láti kọ́ ọ ní àrífín náà? O mọ orúkọ tó ń pè wọ́n. O mọ̀ ọ́n jù mí lọ!”

Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Wọ́n bi mí bó ṣe ń pe ará ilé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ fún wọn.”

“Nítorí kí ni?”

“Kí ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ilé yìí lè wọlé, kó sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ìyá wa kọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ohùn ni mo fún wọn, Bọ̀ọ̀dá mi. N ò fún wọn ní ìyá wa.”

“Ta ló wá mọ̀? Nínú gbogbo èrò yìí, ta ló mọ̀?”

“Ẹ̀yin mọ̀.”

Àwọn kan lè rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ kó tù mí lójú. Kò tù mí. Ṣé mo kàn fẹ́ gba ọgbọ́n kan kí n sì máa lọ ni? Wọ́n gba oòrùn lọ́wọ́ wa, wọ́n gba odò, wọ́n gba páànù, wọ́n wá jẹ́ kí àbúrò mi fi ẹnu ara rẹ̀ ba ìyá wa lórúkọ jẹ́ kó tó lè rí ibi tútù sùn, ó sì ní kí n pè é ní ọgbọ́n. Mo rìn lọ síbi òpó náà. Mo na ọwọ́. Ara òpó tutù, mo ń mọ̀ ọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ mi kí n tó kàn án.

“Dádì, ẹ ro Àǹtí,” ni Ìbídùn wí.

“Mò ń ro ìyá mi.”

Àṣàkẹ́ kò bẹ̀ mí. Ká ní ó bẹ̀ mí ni, bóyá ǹ bá ti tẹ̀ ẹ́. Ó kàn bọ́ gèlè orí rẹ̀, ó gbé e kọ́ orí okùn, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ó kọjá ibi tí aṣọ ìtura pin sí. Ó dúró ní gbangba oòrùn, láìborí, lásìkò ìséde. Ẹ̀gbà dúdú ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

“Àṣàkẹ́! Wọlé!”

“Ẹ tẹ̀ ẹ́!” ó pariwo padà. “Ẹ jẹ́ n kọ́ bí etí ọ̀nà ṣe ń rí! Ó sàn kí n kọ́ ọ níṣojú yín ju kí n kọ́ ọ lẹ́yìn yín!”

Ìbídùn fẹ́ sáré jáde, Kọ́lápọ̀ fẹ́ tẹ̀ lé e. Mo ní kẹ́nikẹ́ni má jáde. “Ó ń dán mi wò ni. Alágídí ni láti kékeré. Yóò wọlé.”

Kò wọlé. Mo dúró, ọwọ́ mi sì wà nínàró. Mo ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Irun rẹ̀ funfun, ìpàkó rẹ̀ sì kéré bí ti ọmọdé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó fi ọwọ́ wá ògiri, kò rí ògiri, ó tún nà ró.

Mo bú u. Èébú tí n ò lè kọ sínú ìwé ni mo bú u, mo sì sáré jáde.

“Ẹ̀tọ́ yín ti tán,” ni amọ̀nà wí lókè orí mi. “A dúpẹ́.”

Oòrùn náà gbá mi lórí bí igi. Mo gbá Àṣàkẹ́ lápá mú. Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà.

“Ẹ ti tẹ̀ ẹ́?”

“N ò tẹ̀ ẹ́, ìwọ aláìlójútì! O ti yọ ọ́ lọ́wọ́ mi!”

“Kí ló wá ń bí yín nínú?”

“Ìwọ! Ìwọ, àti àwọn tó rán ẹ níṣẹ́, àti ilé yìí, àti oòrùn yìí!”

“Ẹ bú oòrùn, kò mọ̀ yín! Èmi ni mo dúró níbí! Èmi ni mo ń fọ ojú oórì, èmi ni mò ń gbọ́ ọ láràárọ̀ bó ti ń fi oríkì yín kí àjèjì, èmi kì í ṣe ẹni tó dé lónìí tó fẹ́ pa á lónìí!”

“Àṣàkẹ́, màá gbá ẹ létí!”

“Ẹ gbá mi! Ẹ gbá arúgbó létí nígbangba!”

Nígbà náà ni mo gbọ́ àtẹ́wọ́. Àwọn àlejò ti kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà, nínú ìtura, wọ́n ń ya wá ní fọ́tò, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin onírun òwú àgbàdo yẹn ń gbé ọmọ rẹ̀ sókè kó lè ríran dáadáa. Wọ́n rò pé ara ìwòran ni wá. Láàárín wọn, mo rí Kọ́lápọ̀ tó ń tì wọ́n sẹ́yìn, tó ń sunkún.

Ilẹ̀ ti ń yí mi. Àṣàkẹ́ náà ti dẹ́kun èébú, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò rí èémí mí.

Òpó náà sì sọ̀rọ̀ láti inú ilé.

“Ẹ wọlé o, ẹ̀yin ọmọ mi. Oòrùn yìí á pa yín.”

Òfin ìséde ló fi gbólóhùn yẹn sẹ́nu rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró sí oòrùn ní iwájú ilé ìwòran ló ń sọ ọ́ fún, ìbáà jẹ́ olè, ìbáà jẹ́ ewúrẹ́. Èmi mọ̀. Àṣàkẹ́ mọ̀ jù mí lọ. Ẹsẹ̀ wa ni kò mọ̀. Ohùn náà kò tíì dákẹ́ tí àwa méjèèjì fi yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọmọ tí wọ́n pè láti ibi eré, a forí wọlé, a sì ń bú ara wa lọ.